Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ etí omi Liverpool dáadáa? Mo fẹ́ mú Màmá lọ

ÌyáTòbí_Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, wọ́n ṣì máa wà lọ́dọ̀ wa títí oṣù kẹjọ fi máa parí, àtìgbà tí wọ́n sì ti dé ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ dé Liverpool, kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù o, ibẹ̀ ni bàbá wa ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1958 nígbà tí wọ́n wá kàwé. Fọ́tò kan wà nílé tí bàbá wọ kóòtù dúdú ńlá, ilé gíga kan wà lẹ́yìn wọn tó ní ẹyẹ lórí, Màmá ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ káwọn tó padà sílé. Bàbá ti lọ sinmi.

Mo wá a lórí Google títí, Beatles ni wọ́n ń gbé wá fún mi ṣáá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbébẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Orúnkún ń yọ Màmá lẹ́nu, wọ́n lè rìn díẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n tún rìn. Mo tún ní ọmọ méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 9, ìkejì ọmọ ọdún 4 tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ kan ṣoṣo la ní, Sátidé. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ṣé mọ́tò ni àbí tréènì, kí ló yẹ ká wò, kí ló yẹ ká fi sílẹ̀? Mi ò fẹ́ ká débẹ̀ ká máa yí kiri, kó wá rẹ Màmá kí wọ́n tó rí nǹkan tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá.

Kúnlé_L8:
Ẹ kú àlejò Màmá o, sista. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Liverpool ni mò ń gbé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí.

Ilé tó ní ẹyẹ lórí yẹn, Royal Liver Building ni, kò sí méjì ẹ̀. 1911 ni wọ́n ṣí i. Ẹyẹ méjì ló wà lórí ẹ̀, ọ̀kan kọjú sódò Mersey, èkejì kọjú sí ìgboro, àwọn ará ibí sì máa ń sọ pé ọjọ́ tí ẹyẹ méjèèjì bá fò lọ ni ìlú Liverpool máa pa rẹ́. Aago ara ilé yẹn tóbi ju ti Big Ben tó wà ní London lọ, ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún 9 yẹn kó máa wá a lójú. Ilé mẹ́ta ló tò síbẹ̀: òun, Cunard Building tó wà láàárín, àti Port of Liverpool Building tó ní òrùlé rìbìtì bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Pier Head ni wọ́n ń pe gbogbo gbàgede iwájú wọn. Ibẹ̀ tẹ́jú, ó fẹ̀, bẹ́ńṣì wà káàkiri, Màmá máa ríbi jókòó.

Ní ti ọkọ̀, tó bá jẹ́ 1958 tó sì jẹ́ Èkó ni wọ́n ti wọ̀ ọ́, a jẹ́ pé ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster ni. Ọkọ̀ mẹ́ta wọn ló ń ná Apápá sí Liverpool nígbà yẹn, Accra, Apapa àti Aureol. Aureol ló tóbi jù nínú wọn, 1951 ló bẹ̀rẹ̀, funfun ni ara ẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n máa ń lò lórí omi, wọ́n á ya Freetown, wọ́n á ya Las Palmas. Ọdún 1972 ló kúrò ní Liverpool lọ sí Southampton, kò sì pẹ́ sí i tí wọ́n fi dá a dúró pátápátá, torí bàálù ti gba gbogbo èrò.

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ ni Princes Landing Stage, èbúté tó léfòó lórí omi, ìsàlẹ̀ Royal Liver Building, lọ́wọ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ bá kọjú sódò. Èbúté àtijọ́ yẹn ò sí mọ́, wọ́n ti tú u, àmọ́ ojú ibẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ń gúnlẹ̀ sí báyìí. Ibùdó tréènì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà náà tí wọ́n ń pè ní Riverside, èrò á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ omi, á bọ́ sínú tréènì, ó di London. Wọ́n ti ti ìyẹn náà láti 1971. Orúkọ ọ̀nà tó gba etí omi níbẹ̀ ni Princes Parade. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá dúró níbẹ̀ kọ́kọ́, kí wọ́n wo omi, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sí Pier Head fún fọ́tò, kẹ́ ẹ máa bá etí omi lọ títí dé Albert Dock, èbúté àtijọ́ tó ti di ibi ìgbafẹ́. Gbogbo ẹ̀ ò ju kìlómítà kan àti díẹ̀ lọ, ó sì tẹ́jú.

Adé_Salford:
Ẹ má gbé mọ́tò, tréènì ló dáa. Láti Leeds tréènì wà tó ń lọ tààrà sí Lime Street, ibùdó tréènì ńlá Liverpool. Tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ní Lime Street, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ó jìnnà fún orúnkún Màmá. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀, nínú ibùdó yẹn náà ni, kẹ́ ẹ wọ Merseyrail, tréènì inú ìlú yẹn, ó máa dúró ní Central, èyí tó tẹ̀ lé e ni James Street, ibẹ̀ lẹ ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Lífítì ńlá wà níbẹ̀ tó máa gbé yín jáde sókè. Tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀, ẹ ó rí odò.

RóǹkẹHudd:
Mi ò fara mọ́ ọn o, Bọ̀dá Adé. Ẹni tó ní màmá àgbà àti ọmọ kékeré, tí ẹrù oúnjẹ tún wà, mọ́tò ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. M62 lẹ máa gbà láti Leeds, ó máa gbé yín dé ẹnu ìlú. Ẹ páàkì sí abẹ́ Liverpool ONE, ilé ìtajà ńlá yẹn, àwọn Q-Park ló ni ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá jáde ẹ kàn máa sọdá títì ńlá tí wọ́n ń pè ní The Strand ni, ẹ ti dé Albert Dock. Àmọ́ títì yẹn fẹ̀, ẹ di ọmọ yẹn lọ́wọ́ mú, kẹ́ ẹ dúró de iná. Ẹ kọ́kọ́ ra ààyè páàkì yẹn ọ́nláìnì, ó máa ń dín ju kẹ́ ẹ débẹ̀ lọ.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún bí Bọ̀dá Kúnlé ṣe sọ, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ Màmá kalẹ̀ ní Princes Parade kó tó lọ páàkì.

Kúnlé_L8:
Òótọ́ ni Sista Róńkẹ́ sọ. Ohun kan tí mo gbàgbé: ẹ ṣẹ́ẹ̀kì bọ́ọ̀lù kẹ́ ẹ tó mú Sátidé. Everton ti kó lọ sí pápá ìṣeré wọn tuntun ní 2025, Bramley-Moore Dock ló wà, etí odò yìí náà ni, ó gba èèyàn tó lé ní 52,000. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, gbogbo ọ̀nà etí omi látòkè wá máa kún, Merseyrail á kún, ibi ìpáàkì á wọ́n. Tó bá jẹ́ Liverpool ló ń gbá ní Anfield, ìyẹn jìnnà sódò díẹ̀, àmọ́ Lime Street ṣì máa kún fún èrò. Ẹ mú Sátidé tí àwọn méjèèjì ò sí nílé.

Dókítà_Bísí:
Ẹ ǹlẹ́ o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ dá sí apá kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ.

Ẹ má mú Màmá gba etí omi yẹn kọjá bí ẹni pé ọjọ́ 1958 nìkan ni àwọn èèyàn wa mọ ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó jáde láti Liverpool ló kó bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ èèyàn dúdú lẹ́rú kọjá òkun kí ìjọba Britain tó fòfin de òwò yẹn ní 1807. Tẹ́ ẹ bá ti ń kúrò ní Pier Head bọ̀ wá sí Albert Dock, ẹ máa rí àwọn ihò ńlá méjì tí wọ́n fi òkúta tẹ́ ara wọn bí àtẹ̀gùn, Canning Graving Docks nìyẹn, láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fa omi gbẹ láti ha abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n tún un ṣe, ọkọ̀ ẹrú wà lára wọn. Ẹ dúró níbẹ̀. Wọ́n lè ṣì máa ṣiṣẹ́ àtúnṣe níbẹ̀ torí náà ó lè jẹ́ láti ẹ̀yìn ọgbà lẹ ti máa wò ó, ẹ ṣáà wò ó.

Músíọ́mù ìrántí òwò ẹrú, International Slavery Museum, tí wọ́n ṣí ní 2007, Albert Dock ló wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 fún àtúnṣe ńlá, ọdún mélòó kan ló sì máa gbà wọ́n. Mò ń sọ ọ́ torí ọ̀pọ̀ ojú ewé ọ́nláìnì ṣì ń kọ ọ́ pé kí èèyàn lọ síbẹ̀, inú mi kì í dùn tí mo bá rí ìdílé tó wọ mọ́tò wá láti ọ̀nà jíjìn tí wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títì. Tate, ilé àwòrán tó wà ní dọ́ọ̀kì kan náà, 2023 ni wọ́n ti tì í fún àtúnṣe tiẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé 23 oṣù kẹjọ bọ́ sí ìgbà tí Màmá wà, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ ìrántí àwọn ẹrú nìyẹn, òru 22 mọ́jú 23 oṣù kẹjọ 1791 ni àwọn ẹrú dìde ní ilẹ̀ tó di Haiti lónìí. Lọ́dọọdún ni Liverpool máa ń ṣe é láti 1999, wọ́n á rìn láàárín ìlú, wọ́n á wá ta ọtí sílẹ̀ létí omi fún àwọn tó ti lọ. Ẹ wo ètò tọdún yìí kẹ́ ẹ tó lọ.

Adé_Salford:
Ẹ ṣé gan-an Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé àwọn ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó wá síbẹ̀? Ọmọ mi bi mí nígbà tá a lọ, mi ò mọ ohun tí mo máa wí.

Dókítà_Bísí:
Bọ̀dá Adé, àwọn ẹrú fúnra wọn ò wá sí Liverpool, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ọkọ̀ á gbé aṣọ, ìbọn àti ohun èlò irin lọ sí etíkun Áfíríkà, á fi wọ́n ra èèyàn, á gbé èèyàn lọ sí Jàmáíkà, Barbados àti àwọn ibòmíràn lọ́hùn-ún, á wá ru ṣúgà, òwú àti tábà padà sí Liverpool. Owó ló dé etí odò yìí, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ kí wọ́n rí i.

Bonny àti Calabar ni àwọn ọkọ̀ Liverpool ti ń rà jù ní apá ọ̀dọ̀ wa, torí náà àwọn Ìgbò, Ìbíbíò àti àwọn aládùúgbò wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó. Àwọn tiwa, Àgbádárìgì, Èkó àti Wídà ni wọ́n ti ń kó wọn, púpọ̀ nínú wọn lẹ́yìn 1807, ọkọ̀ àwọn Pọtogí, Brazil àti Sípéènì ló sì kó wọn lọ sí Bahia àti Cuba. Ìdí tí Yorùbá fi ṣì ń dún níbẹ̀ dòní nìyẹn. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọ náà báyìí, ó máa yé e. Ẹ má sọ pé àwa nìkan, ẹ má sì sọ pé kì í ṣe tiwa.

BàbáÌjẹ̀bú_Wirral:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Mo fẹ́ fi epo pupa kún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n fòfin de ẹrú, àwọn oníṣòwò Liverpool kan náà ló yí padà sí epo. Etí omi tẹ́ ẹ máa rìn yẹn, àgbá epo pupa láti ọ̀dọ̀ wa ló ń sọ̀ síbẹ̀, epo tí àwọn ìyá wa fún, wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là, wọ́n fi ń pa ara ẹ̀rọ àti tréènì kó má baà gbóná. Tẹ́ ẹ bá wo òdìkejì odò láti Pier Head, ilẹ̀ Wirral lẹ̀ ń wò yẹn. Níbẹ̀ ni Lever, oníṣòwò ọṣẹ, kọ́ Port Sunlight sí ní 1888, abúlé odidi kan fún àwọn òṣìṣẹ́ ọṣẹ Sunlight. Ẹ bi Màmá bóyá wọ́n rántí ọṣẹ yẹn! Ilé iṣẹ́ Lever yìí náà ló wá ra Niger Company, iléeṣẹ́ òwò ní ilẹ̀ wa, ní 1920, ibẹ̀ ni UAC ti jáde ní 1929. Gbogbo àgbà tó bá gbé Abẹ́òkúta tàbí Èkó mọ UAC.

Tẹ́ ẹ bá tún wá lọ́jọ́ mìíràn, Merseyrail láti James Street ń lọ tààrà sí Port Sunlight, tréènì tó ń lọ Chester ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ibẹ̀ dákẹ́, òdòdó pọ̀, ilẹ̀ tẹ́jú. Àmọ́ ẹ má papọ̀ mọ́ ọjọ́ kan yìí, ó máa pọ̀ jù fún wọn.

MàmáTéjú:
Sista mi, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ọmọ àti màmá torí mo ti gbé ìyá ọkọ mi àti àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

Àkọ́kọ́, kóòtù. Oṣù kẹjọ ni o, ẹ mú kóòtù. Atẹ́gùn orí odò Mersey yẹn kì í ṣeré, oòrùn lè máa ràn ní Lime Street kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dé etí omi gèlè á fẹ́ fò lórí. Tí Màmá bá fẹ́ wé gèlè fún fọ́tò, ẹ mú pín-ìnnì dání dáadáa tàbí kí wọ́n dé fìlà òtútù títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà á.

Ìkejì, Museum of Liverpool, ilé funfun ńlá tó gún ní igun tó wà láàárín Pier Head àti Albert Dock. Ọ̀fẹ́ ni. 2011 ni wọ́n ṣí i. Lífítì wà, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wà, tíì wà. Lókè wọ́n ní fèrèsé kan tó ga bí ilé, ibi tẹ́ ẹ bá jókòó sí ẹ máa rí odò àti àwọn ilé mẹ́ta yẹn láìsí atẹ́gùn. Ìyá ọkọ mi jókòó síbẹ̀ pẹ́, wọn ò fẹ́ dìde, fẹ́rì ń lọ fẹ́rì ń bọ̀, wọ́n ní ó jọ pé àwọn wà ní Mariná. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ibùdó ìsinmi yín. Ẹ yẹ wẹ́búsáìtì wọn wò fún ọjọ́ àti aago tí wọ́n ń ṣí.

Ìkẹta, àwọn ẹyẹ funfun ńlá etí omi yẹn. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré mú chips lọ́wọ́ níta gbangba. Ẹyẹ yẹn máa balẹ̀ látẹ̀yìn, á já a gbà, ọmọ á bú sẹ́kún. Ẹ jókòó sábẹ́ òrùlé kẹ́ ẹ jẹun.

Ní Albert Dock, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ àwọn ibì kan, ó ṣe gbágungbàgun, tí Màmá bá fi ọ̀pá rìn kí wọ́n rọra. Dọ́ọ̀kì yẹn fúnra ẹ̀ rẹwà o, 1846 ni wọ́n ṣí i, bíríkì, òkúta àti irin ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọn ò fi igi kankan kọ́ ọ kí iná má baà jó ẹrù inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ gbá òpó irin pupa ńláńlá yẹn mọ́ra, ọwọ́ wọn ò ní ká a. Lára irin tó dínà etí omi, ẹ máa rí kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lọ́kan-ò-jọ̀kan tí àwọn olólùfẹ́ fi síbẹ̀, orúkọ wà lára wọn, ó ti pọ̀ débi pé láwọn ibì kan ẹ ò ní rí ṣéènì tí wọ́n so wọ́n mọ́ mọ́. Ọmọ mi ka orúkọ títí tó fi rí ẹnì kan tó ń jẹ́ Fúnmi.

ÌyáTòbí_Leeds:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sí Màmá létí, Yorùbá tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ yẹn ló dùn mọ́ wọn jù. Wọ́n ní Aureol kọ́, Apapa ni bàbá máa ń dárúkọ. Wọ́n sì rántí ọṣẹ Sunlight dáadáa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ìjẹ̀bú.

Ìbéèrè mi: fẹ́rì ńkọ́? Tòbí fẹ́ wọ fẹ́rì kíákíá. Ṣé Màmá lè wọ̀ ọ́? Àti pé ìgbà wo ni ká débẹ̀, àárọ̀ àbí ọ̀sán? Mo rò pé àárọ̀ kùtù ló dáa kí èrò tó pọ̀.

Kúnlé_L8:
Fún fọ́tò, ẹ má lọ láàárọ̀ o sista. Àwọn ilé yẹn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, láàárọ̀ ẹ̀yìn wọn loòrùn ti ń bọ̀, ojú ilé á ṣókùnkùn, ojú Màmá náà á ṣókùnkùn, ọ̀run á sì funfun jù. Láti bí aago méjì ọ̀sán lọ ni oòrùn á bọ́ síwájú. Tẹ́ ẹ bá lè dúró dìrọ̀lẹ́, bí aago mẹ́fà sí méje nínú oṣù kẹjọ, ìgbà yẹn ló rẹwà jù, òkúta ilé yẹn á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Torí náà ẹ lè yí ètò padà: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Albert Dock láàárọ̀, ẹ wọ músíọ́mù lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ wá parí ẹ̀ sí Pier Head àti Princes Parade. Mo gba ohun tí mo sọ tẹ́lẹ̀ yẹn padà, èyí ló bá Màmá mu jù.

MàmáTéjú:
Fẹ́rì: wọ́n lè wọ̀ ọ́, àmọ́ ẹ wo bí omi ṣe rí lọ́jọ́ yẹn. Èbúté Pier Head léfòó lórí omi, afárá tó so ó mọ́ ilẹ̀ ló ń gòkè tó ń sọ̀ bí omi bá ṣe kún tàbí fà. Omi Mersey lè fi bíi mítà 10 yàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà, tó bá fà tán, afárá yẹn á dà gẹ́rẹ́gẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ òkè, orúnkún Màmá ò ní lè gbà á, wheelchair náà á nira. Ẹ wá àsìkò omi Liverpool fún ọjọ́ yẹn lórí Google, ẹ mú fẹ́rì tó bọ́ sí itòsí ìgbà tí omi kún. Èyí tó ń yí ká tí wọ́n ń pè ní River Explorer ni kẹ́ ẹ wọ̀, ó tó bí ìṣẹ́jú 50, kẹ́ ẹ jókòó sí ìsàlẹ̀ níbi tí gíláàsì wà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ́nláìnì ṣáájú, wíkẹ́ǹdì máa ń kún.

BàbáÌjẹ̀bú_Wirral:
Láti orí fẹ́rì yẹn gan-an ni ẹ ti máa rí ìlú náà bí bàbá yín ṣe rí i nígbà tí ọkọ̀ ń wọlé bọ̀. Kò sí ibòmíràn téèyàn ti lè rí i bẹ́ẹ̀. Tí owó kan bá wà tẹ́ ẹ máa ná lọ́jọ́ yẹn, ẹ ná an síbẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń yí po nítòsí Arena sílẹ̀.

RóǹkẹHudd:
Oúnjẹ: etí omi wọ́n. Ẹ se jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fúláàsìkì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àmàlà tàbí iyán, Lodge Lane ní Toxteth ni kẹ́ ẹ lọ, ṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pọ̀ níbẹ̀, mọ́tò kò ní pẹ́ débẹ̀ láti odò. Tí Màmá bá fẹ́ tọ́ oúnjẹ àwọn ará ibẹ̀ wò, scouse ni kí wọ́n bèèrè, ẹran àti ànàmọ́ funfun àti kárọ́ọ̀tì ni wọ́n sè pọ̀ rẹ́rẹ́, kò ní ata rárá o, ẹ mú ata gígún tiyín dání.

Ṣẹ́gun_runs:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ lókun lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa ka èyí lẹ́yìn. Etí omi yẹn ò parí sí Albert Dock. Tẹ́ ẹ bá ń bá a lọ síhà gúúsù, ẹ ó kọjá Queen's Dock, ibẹ̀ ni wọ́n lé atukọ̀ dúdú kan, Charles Wootton, bọ́ sínú omi ní oṣù kẹfà 1919 nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń kọlu èèyàn dúdú káàkiri ìlú, ó sì kú síbẹ̀. Wọ́n ti gbé àmì ìrántí fún un, ẹ wá a. Tẹ́ ẹ bá tún ń lọ ẹ ó dé Otterspool, ìyẹn ni promenade tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ń lọ, wọ́n ṣí i ní 1950, koríko lọ súà, ẹnikẹ́ni ò ní da yín láàmú. Láti Pier Head débẹ̀ tó kìlómítà 7. Fún èmi ibẹ̀ ló dáa jù ní gbogbo etí odò yẹn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ sáré títí kó rẹ̀ wọ́n, ẹ gbé mọ́tò débẹ̀ tààrà, ibi ìpáàkì wà.

Dókítà_Bísí:
Ẹ ṣé Ṣẹ́gun, inú mi dùn pé o dárúkọ Wootton. 

Ìyá Tòbí, ohun kan tó kù: tó bá jẹ́ 1958 ni bàbá wọlé, àkọsílẹ̀ àwọn èrò ọkọ̀ omi tó wọ UK láti 1878 dé 1960 wà lọ́wọ́ The National Archives, wọ́n sì ti gbé e sórí Ancestry. Ọ̀pọ̀ láìbìrì ló ní Ancestry lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá wá lò ó níbẹ̀, ẹ bèèrè ní Leeds. Ẹ tẹ orúkọ bàbá, ẹ tẹ Liverpool, ẹ tẹ 1958. Àwọn òyìnbó máa ń ṣi orúkọ wa kọ, torí náà tí kò bá jáde, ẹ fi orúkọ ọkọ̀ wá a, Apapa, kẹ́ ẹ máa kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rí i, ọjọ́ tó sọ̀kalẹ̀ wà níbẹ̀, iye ọdún ẹ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì tó ní òun ń lọ wà níbẹ̀. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún Màmá.

ÌyáTòbí_Leeds:
Dókítà, mi ò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà rárá! Mo ń lọ láìbìrì lọ́la. Mọ́tò la máa gbé, a ti ṣẹ́ẹ̀kì, Everton ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, Liverpool náà ò sí nílé. Omi máa kún ní ọ̀sán, fẹ́rì ọ̀sán ni mo rà. Ó ku bóyá wọ́n ń yá èèyàn ní wheelchair níbì kan, ká má gbé tiwa.

MàmáTéjú:
Ẹ pe Museum of Liverpool ṣáájú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n lè yá yín nínú ilé. Fún ìta, ẹ gbé èyí tó ń ká tí wọ́n fi ń wọ mọ́tò. Ẹ má gbàgbé kóòtù.